Adìẹ Tó Ń Sín, Tó Ń Mí Kurukuru: Kí Ló Ń Ṣe É, Oògùn Wo Ló Sì Tọ́ Sí I?

Ìgbàkígbà tí ìròyìn àrùn adìẹ bá gbòde, ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń sin adìẹ mẹ́wàá tàbí ogún sẹ́yìnkùlé máa ń gbà ṣìnà. Àwọn kan á gbọ́ tí àkùkọ kan ṣoṣo sín, àyà wọn á já, wọn á fẹ́ pa gbogbo adìẹ ilé run. Àwọn mìíràn á rí mẹ́fà tí ojú wọn ti wú dí, wọn á ní ọ̀finkìn lásán ni, wọn á ra oògùn oníyẹ̀fun kan, wọn á dà á sómi, wọn á gbàgbé ẹ̀. Ohun kan náà ló ṣi àwọn méjèèjì lọ́nà: wọ́n gbà pé àrùn kan ṣoṣo ni ọ̀finkìn adìẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó ń mú adìẹ sín, tó ń mú ojú rẹ̀ wú tàbí tó ń mú kó máa mí tariwotariwo tó mẹ́wàá, oògùn tó sì ń wo ọ̀kan lè má ṣe èkejì ní nǹkan kan. Kí a kọ́kọ́ mọ èyí tó wà níwájú wa ni iṣẹ́. Ojú, imú àti etí yín lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó yé wa ná

Bakitéríà jẹ́ kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tó lè dá wà, tó sì lè dá pọ̀ sí i. Fáírọ́ọ̀sì kéré jù ú lọ fíìfíì, inú ara ohun abẹ̀mí nìkan ló ti ń rí àyè pọ̀ sí i. Oògùn apabakitéríà, irú bíi tylosin, oxytetracycline àti doxycycline, ń pa bakitéríà tàbí kó dá a dúró, àmọ́ kì í ran fáírọ́ọ̀sì rárá. Àjẹsára ń kọ́ ara láti mọ àrùn kan kí àrùn náà tó dé. Tó bá ti wọlé tán, àjẹsára kì í wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan kù: adìẹ tó gbé àrùn sára. Ìyẹn ni adìẹ tó ti ń jẹ, tó ti ń sáré kiri, tó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ tí kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, tó sì lè kó o ran èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Kí ló dé tí èémí adìẹ fi ń tètè bàjẹ́?

Bí adìẹ ṣe ń mí kò rí bíi tiwa. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, kì í fẹ̀, kì í sì í sún kì. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó wà káàkiri inú ara rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: àwọn ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Àwọn mìíràn nínú wọn tiẹ̀ wọ inú egungun. Nítorí èyí, eruku àti kòkòrò tó bá gba imú wọlé lè rìn jìnnà gan-an nínú ara. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ara àwọn àpò náà kò tó nǹkan, ẹ̀jẹ̀ ni oògùn sì ń bá rìn. Àrùn tó bá ti dé àpò afẹ́fẹ́ kì í tètè lọ, bí oògùn náà tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó.

Adìẹ kò ní iṣan tó pín àyà àti ikùn níyà, èyí tí àwa fi ń mí. Igẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé sókè, tó ń gbé sódò. Ẹni tó bá di adìẹ tó ń ṣàìsàn mú gírígírí nígẹ̀ẹ́, tàbí tó tẹ́ ẹ gbalaja lórí ẹ̀yìn láti yẹ ẹnu rẹ̀ wò, lè pa á síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lórí ìdúró, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bo ìyẹ́ apá rẹ̀ láìfún un.

Ṣé àìsàn ni, àbí ooru àti òórùn ilé?

Adìẹ kì í làágùn. Tí ooru bá mú un, á la ẹnu, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì gbé apá kúrò lára. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, ikun kì í sí nímú wọn, tí ara ọjọ́ bá sì ti rọ̀, wọ́n á pa ẹnu dé. Ibòji àti omi tútù ni wọ́n ń fẹ́. Àmọ́ èyí tó ń la ẹnu mí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ẹnu dé, ara rẹ̀ kò dá.

Lẹ́yìn ooru, òórùn ilé ló kàn. Ẹ wọ ilé adìẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ títí imú yín á fi dé ibi tí orí adìẹ ń dé, kí ẹ mí sínú. Bí ó bá ta yín nímú, tí ojú yín ń ṣomi, ammonia nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó ń ti ara ìgbẹ́ adìẹ tó tutù jáde. Tó bá fi máa di pé imú èèyàn gbọ́ ọ dáadáa, ó sábà máa ń ti tó ìwọ̀n 20 nínú mílíọ̀nù kan, ìyẹn sì ti tó láti ba àwọn irun wẹ́wẹ́ tó ń gbá eruku jáde lọ́nà èémí jẹ́. Adìẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ojú rẹ̀ á pọ́n, kòkòrò tí ara rẹ̀ ì bá lé dànù á sì rí ọ̀nà wọlé. Ẹ kó gbogbo ibi tó tutù nílẹ̀ dànù, ẹ tẹ́ ohun gbígbẹ sí i, kí ẹ sì la ihò afẹ́fẹ́ sókè ju ibi tí wọ́n ń sùn lé lọ, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ lù wọ́n lójú oorun. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ìdí ìmumi wọn. Mo lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé iye oògùn tí àwọn èèyàn rà nítorí ìmumi tó ń jò kò kéré.

Báwo la ṣe ń yẹ adìẹ wò?

Alẹ́ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gun orí igi ìsùn wọn, tí iná ti kú, ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ariwo tí ẹsẹ̀ àti ìjà wọn ń bò mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án á jáde nígbà náà: èyí tó ń sín, èyí tó ń mí kurukuru, èyí tó ń wúkọ́ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ kò le sàmì sí i.

Ní àárọ̀, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò imú díẹ̀, kí ẹ wo ohun tó máa jáde, bóyá omi lásán ni, ikun tó ki, tàbí ohun tó ń rùn. Ẹ wo igun ojú tó wà níhà imú, bóyá ìfófò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ wo ìyẹ́ èjìká rẹ̀ pẹ̀lú. Adìẹ tí imú rẹ̀ ń ṣe omi máa ń nù ún sí èjìká, nítorí náà ìyẹ́ tó dọ̀tí, tó lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, máa ń tú àṣírí àrùn kí imú tó fi í hàn. Ẹ gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín ìyẹ́ apá méjèèjì. Àgbébọ̀ tó ń sinmi ń mí tó ìgbà 20 sí 35 ní ìṣẹ́jú kan, láìsí ariwo. Tí ìrù rẹ̀ bá ń gbé sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, ó ń làkàkà.

Ẹ la ẹnu rẹ̀. Ní ìdí ahọ́n, ẹ máa rí ojú ihò kékeré kan tó ń ṣí, tó ń pa dé, bó ṣe ń mí. Ẹnu ọ̀nà èémí nìyẹn. Kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀, ohun pupa tó ń yí tàbí èépá aláwọ̀ ìyeyè wà níbẹ̀.

Kí ẹ wá kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó mú lọ́jọ́ kìíní àti lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ orí wọn, àti ìgbà tí adìẹ tuntun wọlé kẹ́yìn. Bí àrùn ṣe yára tó láti ran òmíràn ń sọ ju ìró ikọ́ lọ.

Àmì wo ni ti àrùn wo?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìnkùlé ni ti bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Mycoplasma gallisepticum. Ìfófò igun ojú ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú imú tó ń ṣe omi, ìwúlé abẹ́ ojú, àti èémí tó ń dún kurukuru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀: ọ̀kan lónìí, méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Adìẹ àgbà kì í sábà kú sí i, wọ́n kàn á máa rù, ẹyin á sì dín kù. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í lọ pátápátá. Oògùn á mú ikọ́ rọlẹ̀, àmọ́ adìẹ á gbé e sára títí ayé, ó sì lè ti inú ẹyin ran ọmọ. Bí nǹkan kan bá ti nira fún un, bí òtútù, ìrìn àjò tàbí ìpadà ìyẹ́, ikọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Tylosin àti àwọn oògùn ìdílé tetracycline, irú bíi oxytetracycline àti doxycycline, ń ràn án. Penicillin àti amoxicillin kò lè ràn án láéláé, nítorí ara ògiri tó yí bakitéríà ká ni àwọn yẹn ń bà jẹ́, èyí kò sì ní ògiri.

Àrùn kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní coryza. Òun tètè ń ṣẹlẹ̀ ní tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta tó kó o, ojú adìẹ á wú, nígbà mìíràn àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àkùkọ á wú mọ́ ọn, ikun imú á sì máa rùn. Òórùn yẹn ni ẹ ó fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìṣáájú. Bakitéríà lòun náà, oògùn sulfa, erythromycin tàbí oxytetracycline sì máa ń tètè mú un rọlẹ̀. Èyí tó bá gbádùn lè gbé e sára bákan náà.

Bí gbogbo ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, láìsí ojú tó wú púpọ̀, ẹ fura sí infectious bronchitis. Fáírọ́ọ̀sì ìdílé corona ló ń fà á, adìẹ nìkan ló ń dà láàmú, kì í ràn èèyàn. Ẹyin ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n: èèpo á rọ̀ tàbí kó hun jọ, funfun inú rẹ̀ á ṣàn bí omi nígbà tí ẹ bá fọ́ ọ sínú àwo. Oògùn kan ò sí fún un. Ìtọ́jú tó gbóná, omi tó mọ́, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òròmọdìẹ abo tí ó mú nígbà tó kéré lè dàgbà láìní yé ẹyin dáadáa.

Adìẹ tó na ọrùn gùn, tó la ẹnu gbàgà, tó ń fi ariwo fa èémí, tó sì ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ sára ògiri, laryngotracheitis ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, pàápàá bó bá jẹ́ adìẹ àgbà. Fáírọ́ọ̀sì ni, ọ̀nà èémí á dí, adìẹ á sì kú ní ti àìrí èémí mí. Tí ó bá jẹ́ èépá ìyeyè tó lẹ̀ mọ́ ẹnu, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, tí kókó dúdú sì wà lára ogbe àwọn mìíràn, irú ìgbóná adìẹ tó ń wọ ọ̀fun ni. Ẹ má ṣe ha èépá náà kúrò. Fáírọ́ọ̀sì lòun náà, ẹ̀fọn sì wà lára ohun tó ń gbé e kiri.

Kì í ṣe gbogbo adìẹ tó ń la ẹnu ló ní kòkòrò àìfojúrí lára. Aràn kan wà tó ń gbé inú ọ̀nà èémí, ó pupa, ó sì rí bíi lẹ́tà Y nítorí pé akọ àti abo rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ títí ayé. Ọmọ adìẹ tó ń jẹ ekòló àti ìgbín ló sábà máa ń kó o. Á máa gbọn orí, á máa la ẹnu, imú rẹ̀ á sì gbẹ. Oògùn aràn bíi fenbendazole tàbí flubendazole ni tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ mélòó kan, torí ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó.

Òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ń làkàkà mí láìsí ìró kurukuru, tí oúnjẹ tàbí ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ fún un sì ti bu, èbu ti wọ̀ ọ́ lẹ́dọ̀fóró. Kò sí oògùn tó mọ́gbọ́n wá fún èyí lẹ́yìnkùlé. Ẹ kó ohun tó bu dànù kíá, ẹ ó gba àwọn tó kù là.

Àwọn méjì tí a kì í dá tọ́jú

Lùkúlùkú, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní àrùn Newcastle nítorí ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní 1926, lè bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀finkìn. Kò ní pẹ́ tí ìgbẹ́ á fi di aláwọ̀ ewé, ọrùn á lọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ á rọ, adìẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀. Ojú ẹni tó ń tọ́jú wọn lè pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Àrùn ọ̀finkìn ẹyẹ, irú H5N1, léwu ju ìyẹn lọ nítorí ó lè pa èèyàn. Hong Kong ni èèyàn ti kọ́kọ́ kó o ní 1997. Orí tó wú, ogbe tó di àwọ̀ àlùkò, ẹsẹ̀ tó ní àmì ẹ̀jẹ̀, tàbí adìẹ tó jẹun lálẹ́ tó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́ láìṣàìsàn, làwọn àmì rẹ̀.

Ojú lásán kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, àyẹ̀wò nìkan ló lè ṣe é. Bí adìẹ bá ń kú lójijì ju ọ̀kan lọ, ẹ má ṣe pa wọ́n jẹ, ẹ má tu ìyẹ́ wọn, ẹ má tà wọ́n. Ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ti ilé adìẹ pa, kí ẹ sì pe dókítà ẹran ọ̀sìn tàbí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran. Tí wọ́n bá ní kí ẹ tọ́jú òkú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, inú nǹkan tútù ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe ibi tó máa dì bí yìnyín, torí dídì máa ń ba ara jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí oògùn bá tọ́, báwo la ṣe ń pò ó?

Omi tí wọ́n ń mu ni ẹ ó fi ṣírò. Adìẹ ńlá kan ń mu bíi mílílítà 200 sí 250 lóòjọ́, ó sì lè tó ìlọ́po méjì bí ooru bá mú. Ká ní adìẹ 12 lẹ ní, lítà mẹ́ta ló tó fún ọjọ́ kan. Ìwọ̀n tylosin inú omi ni ìdajì gíráàmù fún lítà kan, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Lítà mẹ́ta á gba gíráàmù kan àtààbọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nìyí: gíráàmù oògùn gan-an ni mo wí, kì í ṣe ti ìyẹ̀fun inú pákẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá kọ 20% sára pákẹ́ẹ̀tì, gíráàmù 7.5 ìyẹ̀fun ló ní gíráàmù 1.5 oògùn nínú. Ìwọ̀n tó wà lára èyí tí ẹ rà ni kí ẹ tẹ̀ lé, bí dókítà bá sì wà, tirẹ̀ ló lé iwájú.

Ẹ pò ó tuntun láràárọ̀, ẹ má fi omi lásán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ oxytetracycline, ẹ yọ kalísíọ̀mù, wàrà àti ìkarahun lílọ̀ kúrò nílẹ̀, torí wọ́n máa ń so mọ́ oògùn náà kó má lè wọ ara. Adìẹ tó ń ṣàìsàn gan-an kì í mumi tó. Ẹ máa tì í lọ sídìí omi, kí dókítà sì fún un ní abẹ́rẹ́ bó bá kọ̀. Ẹ má dá oògùn dúró lọ́jọ́ kejì nítorí pé ikọ́ rọlẹ̀. Bí kò bá sì sí ìyàtọ̀ kankan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àrùn tí ẹ rò kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ oògùn, ẹ ṣe àyẹ̀wò. Ẹyin àti ẹran wọn kò ṣe é jẹ títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn fi máa pé.

Yàtọ̀ sí oògùn, ẹ ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ níbi tó gbóná díẹ̀, tí kò sí eruku. Ojú tó lẹ̀ pọ̀, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́: ṣíbí ìmutíì kékeré kan tí kò kún, nínú ìdajì lítà omi tó ti hó tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ fi òwú tuntun nu ojú kọ̀ọ̀kan, láti igun lọ síta.

Ohun tí mo máa ń kìlọ̀ fún èèyàn jù lọ ni dída nǹkan sí adìẹ lẹ́nu. Kẹrosíìnì, epo, omi ata, omi àlùbọ́sà, kò sí èyí tó ń pa àrùn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ihò tí mo ní kí ẹ wò nídìí ahọ́n wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ohun tí ẹ dà á lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa adìẹ tí ikọ́ ò bá má pa. Bó bá di dandan kí ẹ fún un lómi, ẹ kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu lẹ́kán lẹ́kán, kó fúnra rẹ̀ gbé e mì.

Àwọn tó ti gbádùn ńkọ́, àti àwọn tuntun?

Ẹni tí mycoplasma bá ti wọ ilé rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ó lè dá àwọn adìẹ rẹ̀ sí, kó má tún kó tuntun wọlé mọ́, kó má ta èyíkéyìí láàyè, kó má sì sàba fún ẹyin wọn. Tàbí kó mú gbogbo wọn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, kó fọ ilé, kó jẹ́ kó gbẹ, kó fi í sílẹ̀ lófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kòkòrò yìí àti ti coryza kì í lè pẹ́ ju ọjọ́ mélòó kan lọ níta ara adìẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó. Èyí tí kò dáa ni kíkó tuntun pọ̀ mọ́ àwọn tó ti gbádùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ wàhálà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àjẹsára lùkúlùkú rọrùn fún ẹni tó ní adìẹ díẹ̀: ẹ̀kán kan sí ojú kan, ẹ dúró kó ṣẹ́jú kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Wọ́n lè sín díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, èyí kì í ṣe àrùn tuntun. Ẹ fọwọ́, torí ó lè ta yín lójú. Adìẹ tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Adìẹ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ní ìmumi tirẹ̀ àti ìjẹun tirẹ̀. Àwọn ti ilé ni kí ẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú lójoojúmọ́, kí ẹ tó lọ bá àlejò. Bí ẹ bá ti wọ ọ̀dọ̀ àlejò, ẹ pààrọ̀ bàtà kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ àwọn tó kù.